Ọdún tí Àwọn Onífìlà Ò Padà Sórí Iyanrìn

Kò sí ọmọkùnrin kankan tó ń gun máṣìn láti Sẹ̀mẹ̀ dé Aradagun tó lè bá mi díje. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Mo máa ń gbé obìnrin méjì pẹ̀lú àpò ìrẹsì wọn gba ojú iyanrìn, ẹsẹ̀ mi ò ní kan ilẹ̀. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mọ orúkọ mi, àwọn tó ń ṣẹ́ owó mọ̀ mí, àwọn tó ń bọ̀ láti Kútọnu máa ń wá mi kiri kí wọ́n tó gun ti ẹlòmíì. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, kíláàsì kejì ní girama ni mo ti bẹ́sẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo gbọ́ Gùn, mo gbọ́ Yorùbá, mo lè bú èèyàn ní Faransé, mo sì lè bá ṣọ́jà sọ Píjìn títí á fi rẹ́rìn-ín. Mi ò bẹ̀rù ejò, mi ò bẹ̀rù òkú, mi ò bẹ̀rù ìbọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: kí n dúró sétí òkun lásìkò tí òjò kejì ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí n wo iyanrìn, kí n má rí ẹyẹ kankan lórí ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ ní kíá, torí èrò ni mò ń dúró dè níbi tí mo jókòó sí yìí.

Agboolé wa wà ní ìhà òkun, ìyẹn òdìkejì ọ̀sà téèyàn bá dúró sí ìlú Badagry. Ọ̀sà wà lẹ́yìn, òkun wà níwájú, igi àgbọn wà láàárín, àwa náà sì wà láàárín igi àgbọn. Òkun ò dákẹ́ rí níbẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nílé wa. Tá a bá sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì nílùú, àwọn èèyàn á ti mọ̀ pé ará etí òkun ló dé, torí àdúrà jẹ́jẹ́ pàápàá, bí ẹni tó ń ké sí ọkọ̀ la ṣe ń gbà á. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ ni èèpo àgbọn tó ń ta párá-párá nínú ààrò tí Màámi fi ń yan ẹja, lẹ́yìn ìyẹn ikọ́ Màámi, lẹ́yìn ìyẹn ohùn Ìyá àgbà tó ń fi Gùn bú ewúrẹ́. Ìyá àgbà ló bí Bàámi. Gbogbo wa la bẹ̀rù ẹ̀, ewúrẹ́ náà bẹ̀rù ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọn iyanrìn kúrò lórí ẹní, kí n kó èèpo àgbọn sábẹ́ àtíbàbà kó má bàa tutù, kí n sì gbé omi fún Ìyá àgbà kó fi bọ́jú. Tí ẹja bá wọlé, Màámi á ro àmíwọ̀, ìyẹn ìyẹfun àgbàdo tí wọ́n fi epo àti tòmátì rò títí á fi pọ́n, a ó wá fi ṣáwá díndín jẹ ẹ́. Tí ẹja ò bá wọlé, gàrí ni, kò sì sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ nídìí gàrí. Mo ti fi fọ́ọ̀kì jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu rí. Kò tó àmíwọ̀ Màámi.

Ohun tí ilé wa fi yàtọ̀ sí ilé yòókù ni òkè. Tí ẹ bá rí i, ẹ máa ní ṣé òkè náà nìyí. Iyanrìn tó ga ni, tó yọrí sínú òkun bí imú, igi àgbọn dúró sí ìdí ẹ̀, kò gun orí ẹ̀. Téèyàn bá wà lórí ẹ̀, á máa wo ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lápá kan, á máa wo ọ̀nà Èkó lápá kejì, kò sì sí nǹkan kan láàárín àfi omi. Lásìkò tí òjò kejì bá ń parí lọ, àwọn ẹyẹ kan máa ń dé láti ibi tẹ́nì kankan ò mọ̀. Ara wọn funfun, ẹnu wọn gùn, orí wọn dúdú, àmọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, dúdú yẹn á ti sún sẹ́yìn, iwájú orí á ti funfun, bíi ti bàbá tó mu ògógóró tí fìlà ẹ̀ wá lọ dúró sí ìpàkọ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń pè wọ́n ní onífìlà. Wọ́n á dúró lójú ọ̀run, wọ́n á máa ju apá, wọ́n á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á wá já bọ́ sómi bí òkúta. Ibi tí wọ́n bá ń já bọ́ sí, ibẹ̀ ni ṣáwá wà. Ilé wa ló ń wò wọ́n fún àwọn ọkọ̀. Aṣọ pupa ni a máa ń nà sókè tí wọ́n bá wà lápá Èkó, aṣọ funfun tí wọ́n bá wà lápá Sẹ̀mẹ̀. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ẹyẹ ò ní ọkọ̀, kò ní àwọ̀n, ikùn nìkan ló ní, ikùn kì í sì í purọ́.

Nǹkan kejì tí à ń wò lára wọn, ìyẹn ló le. Tí òjò burúkú bá ń bọ̀, irú èyí tó máa ń ti apá Èkó gbé ìjì bọ̀, àwọn onífìlà á fi omi sílẹ̀. Wọ́n á wá bà sórí iyanrìn, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ẹyẹ tó ń pariwo látàárọ̀, tó bá wá dákẹ́ báyẹn, ara èèyàn á bù máṣọ. Ìgbà yẹn ni Ìyá àgbà á ní kí wọ́n finá sí òkìtì èèpo àgbọn tó wà lórí òkè, kí èéfín gòkè. Èéfín yẹn, ohun tó ń sọ fún àwọn tó wà lójú omi ni pé: ẹ gé àwọ̀n, ẹ máa bọ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n fà á, torí fífà á máa pẹ́. Kí wọ́n gé e ni. Àwọ̀n tí gbogbo ilé jókòó hun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á gbé e lọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ dáná lórí òkè àfi tí Ìyá àgbà bá ní kí wọ́n dá a. Wọ́n ti na ẹ̀gbọ́n mi Mautin rí, wọ́n nà án bí aṣọ òfì, torí pé ó yan àgbàdo níbẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, eyín iwájú mi ò tíì hù padà tán. Owó epo ti wọ ìlú. Ẹni tí kò ní ṣòkòtò tẹ́lẹ̀ ti ra rédíò. Bàámi náà ra ẹ́ńjìnnì sídìí ọkọ̀, ó fi òróró pa á lára bí ọmọ tuntun, ó ní kò sí wíwà mọ́, ẹni tó bá fẹ́ máa wà kó lọ máa wà. Inú wa dùn. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ẹ́ńjìnnì máa gbé wọn lọ sí ibi tí igbe wa ò lè dé. Tẹ́lẹ̀, tá a bá pariwo lórí òkè, afẹ́fẹ́ lè gbé e débẹ̀. Ní báyìí, aṣọ nìkan ló kù, àti èéfín. Ojú Ìyá àgbà náà ti ń funfun. Ó ṣì ń gun òkè láràárọ̀, á di èjìká mi mú, á fi ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ kejì gún iyanrìn, àmọ́ tá a bá débẹ̀, èmi ni màá sọ ohun tí mo rí, òun á sọ ohun tó jẹ́. Mo máa ń fi yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ojú Ìyá àgbà ni mí. Mi ò mọ̀ pé ẹrù ni.

Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ yovo dé. Yovo ni à ń pe òyìnbó lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mi ò rí òyìnbó kankan nínú ẹ̀, ó jìnnà jù. Irin ni látòkè délẹ̀, ó pupa bí irin tó ti dípẹtà, ó ń wọ́ àwọ̀n lẹ́yìn láti àárọ̀ di àṣálẹ́, kì í dúró. Ọjọ́ kan, mo rí àwọn onífìlà bíi kùrukùru funfun lápá Èkó, mo sọ fún Ìyá àgbà, ó ní kí n na aṣọ pupa. Mo nà án. Bàámi rí i, ó fi ẹ́ńjìnnì sí i. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, Bàámi ò tíì jáde tán nínú omi tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ta ló na aṣọ pupa?"

"Èmi ni mo ní kó nà án," Ìyá àgbà dáhùn. "Ẹyẹ wà níbẹ̀ àbí wọn ò sí níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Ìyá. Ìdí ọkọ̀ yovo ni wọ́n wà. Ẹja tí àwọn yẹn ò fẹ́ ni wọ́n ń dà sómi, òkú ẹja, ẹyẹ wá ń ṣa á jẹ bí adìyẹ ìdí ọlọ."

"Onífìlà kì í jẹ òkú."

"Ẹ wá wò ó fúnra yín."

"Ojú wo ni kí n fi wò ó?"

Mautin fẹ́ rẹ́rìn-ín, Bàámi wò ó, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Àmọ́ nígbà tá a dùbúlẹ̀ sórí ẹní, Mautin sọ fún mi bó ṣe rí gan-an. Ó ní ìkùukùu bò ó, wọn ò rí ọkọ̀ náà títí ó fi dé orí wọn. Ó ní ó ga ju igi àgbọn lọ, ó sì ń bọ̀ bí ẹni tí kò ríran.

"Ṣé wọn ò rí yín ni?" mo bi í.

"Ta ni wọ́n fẹ́ rí? Tí wọ́n bá gbá wa, wọ́n á rò pé igi ni."

"Kí ni ẹ wá ṣe?"

"A sá. Bàámi pàápàá pe Jésù, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ńṣe ló máa ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó yíjú sí ògiri. "Hùnsù, ẹ máa wò ó dáadáa lórí òkè yẹn o. Ẹ̀yin lẹ gbé wa lọ síbẹ̀."

Mi ò sùn dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọdé ni mí, mo sì wá mọ̀ pé tí mo bá sọ pé "apá Èkó," èèyàn ńlá á yí ọkọ̀ sí apá Èkó. Láàárọ̀, tí Ìyá àgbà bá gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé àpò gàrí lé mi. Gbogbo nǹkan tí mo bá rí ni mò ń sọ, mò ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń sọ nípa igi tó léfòó, nípa ewéko, nípa ọkọ̀ yovo, títí Ìyá àgbà á fi ní kí n pa ẹnu dé. Ó ní, "Ovi ṣie, ọmọ mi, ẹyẹ ni mo bi ọ́."

Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ gan-an, ọ̀sán ni. Bàámi, Mautin àtàwọn ọmọ ọkọ̀ ti wà lójú omi látàárọ̀. Afẹ́fẹ́ dúró. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò gbé etí òkun rí. Afẹ́fẹ́ kì í dúró níbẹ̀, nígbà tó bá wá dúró, ó dà bíi pé ẹnì kan wà lẹ́yìn yín tó ń mí. Èéfín ààrò Màámi ń gòkè ṣánṣán bí òpó. Àwọn adìyẹ ti wọ abẹ́ àtíbàbà. Lápá Èkó, lókè Ìjànìkín lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, dúdú yẹn sì ń sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wo iyanrìn. Kò sí ẹyẹ kankan. Mo tún wò ó. Akàn nìkan ló ń sáré níbẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti bà?" Ìyá àgbà bi mí. Ó jókòó ti òkìtì èèpo àgbọn, ó fi ẹ̀yìn tì í bó ṣe máa ń ṣe.

"Wọn ò tíì bà, Ìyá àgbà."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ yovo."

"Mi ò bi ọ́ nípa ọkọ̀. Ṣé wọ́n ń já bọ́ sómi?"

"Wọ́n ń já bọ́. Wọ́n pọ̀ gan-an."

"Ẹyẹ tó ń jẹun ò rí òjò. Jókòó."

"Ìyá àgbà, apá Èkó ti dúdú."

"Apá Èkó ń dúdú lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Òjò kò lè bá onífìlà lójijì. Jókòó, mo ní kí o jókòó."

Mo jókòó, àmọ́ ìdí mi ò kan ilẹ̀. Mò ń wo ọkọ̀ Bàámi, ó kéré bí èso àgbálùmọ̀ lójú omi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ikọ́ Màámi, ó ń gun òkè bọ̀, ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún èédú, ó gbé ẹyín iná sínú àpáàdì. Màámi kì í ṣe ọmọ òkun. Aradagun ni wọ́n ti bí i, ilé àgbẹ̀, Àwórì ni, títí dòní tó bá ń sọ Gùn, ẹ̀rín ló máa ń pa èèyàn. Kò gun òkè yẹn rí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká dáná," ló sọ. Kò tiẹ̀ kí i.

"Ṣé ẹyẹ ti bà ni?"

"Mi ò mọ̀ nípa ẹyẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, o ò mọ̀. Ìyàwó, padà sídìí ẹja ẹ. Ọmọ Aradagun, kí lo mọ̀ nípa òkun?"

"Mi ò mọ òkun, Ìyá. Mo mọ òjò. Òjò tó bá dúdú báyìí lóko, à ń fi ọkọ́ sílẹ̀ ni à ń sáré."

Ìyá àgbà na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wá gbé gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ lé òkìtì èèpo náà bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ohùn ẹ̀ ò le. Ìyẹn ló tiẹ̀ dẹ́rù bà mí. Ó ní, "Gbọ́. Tí o bá dáná yìí, wọ́n á gé àwọ̀n. Tí wọ́n bá gé àwọ̀n tí òjò ò wá rọ̀, wọn ò ní gba òkè yìí gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí iná bá wá jẹ́ òótọ́, wọ́n á jókòó sójú omi, wọ́n á ní àwọn obìnrin tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni mò ń sọ, kì í ṣe tòní nìkan. Ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Àbí ìwọ lo fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ?"

"Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀," Màámi dáhùn. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú àpáàdì iná lọ́wọ́. "Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde."

"Mi ò dìde."

Màámi wá kọjú sí mi. "Hùnsù, kí lo rí?"

Àwọn méjèèjì ń dúró dè mí. Títí dòní, tí ṣọ́jà bá dá mi dúró tó ní kí n sọ ohun tó wà nínú ẹrù, kì í le fún mi láti sọ ọ́ bíi ti ọjọ́ yẹn. Mo wo òkun. Ọkọ̀ yovo ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹyẹ ẹ̀. Mo wá ọkọ̀ Bàámi. Omi lápá Èkó ti yí padà, ó ti dúdú, ìlà funfun kan sì wà níwájú dúdú yẹn tó ń sáré bọ̀.

"Mi ò rí wọn mọ́," mo sọ.

Màámi gbé àpáàdì sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ apá Ìyá àgbà àti sábẹ́ orúnkún ẹ̀, ó gbé e kúrò lórí òkìtì bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn lọ, ó rọra gbé e kalẹ̀ sórí iyanrìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í fọwọ́ kan ìyá ọkọ báyẹn. Mo rò pé ilẹ̀ máa là. Ìyá àgbà ò pariwo, kò jà. Ó kàn ń fọwọ́ wá ọ̀pá ẹ̀ kiri nínú iyanrìn, mo sì gbé e fún un. Màámi da ẹyín iná sórí èèpo, ó dojú bo ilẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ títí ikọ́ fi gbé e. Èéfín dìde. Ó lọ sókè díẹ̀, ó funfun, ó lẹ́wà. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé, ẹ̀ẹ̀kan náà ló dé, ó gbá mi ṣubú, ó sì tẹ èéfín yẹn mọ́lẹ̀, ó wọ́ ọ lọ sápá Sẹ̀mẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa bóyá wọ́n rí i kó tó wó.

Òjò tó wá lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè sọ ọ́ tán. Òkè ò ṣeé dúró sí. A sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, Màámi pọn Ìyá àgbà, ẹni tó gbé kúrò lórí òkìtì ló tún wá pọ̀n. Ìgbì ń wó bí ilé. Ará etí òkun mọ̀ pé kì í ṣe àárín òkun ló ń pa èèyàn lọ́dọ̀ wa, ẹnu ọ̀nà ni, níbi tí ìgbì ti ń fọ́. A dúró síbẹ̀, omi ń lu wá lójú, kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà kankan sókè, àwa tá a máa ń pariwo. Mò ń rò ó pé tí wọn ò bá padà, èmi ni ojú, èmi ni mi ò rí wọn mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ yọ, imú ẹ̀ la kọ́kọ́ rí, ẹ́ńjìnnì ti kú, wọ́n ń fi àjẹ̀ wà á bíi tàtijọ́. Ìgbì kan gbé wọn, ó gbé wọn sókè gan-an, mo rí ojú Bàámi kedere. Ìgbì kejì dojú ọkọ̀ dé.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú omi. Àwọn ará ilé yòókù ti sáré dé, wọ́n ń fà wọ́n. Bàámi jáde, ó ń bi omi òkun. Àwọn ọmọ ọkọ̀ jáde. Mautin ò jáde. Màámi pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò pè é mọ́, ó wọ inú omi lọ, obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ tó dojú dé yẹn ni wọ́n ti bá Mautin, ó di igi ìjókòó mú, ó ń mí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù nínú ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ọwọ́ ẹ̀ ò fẹ́ fi igi náà sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń tú ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ àtíbàbà, nígbà tí gbogbo wọn bora tí wọ́n ń gbọ̀n, Mautin sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nígbà tá a rí èéfín, èmi ní irọ́ ni. Gbogbo wa la sọ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ṣì wà lójú omi, wọ́n ń jẹun. Bàámi ní Ìyá àgbà kì í purọ́, ló bá fa ọ̀bẹ yọ."

Bàámi gbójú sókè, ojú ẹ̀ pọ́n. "Ta ló dá iná yẹn gan-an? Torí mo rí i pé ẹyẹ ò bà."

Màámi ń ko iná, kò gbórí sókè. Mo la ẹnu. Ìyá àgbà fi ọ̀pá tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dá a," ló sọ. "Ta ni ì bá tún ṣe bẹ́ẹ̀?"

Àwọn ọmọ ọkọ̀ kan sáárá sí i. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi òjò, ó ní, "Ìyá, ẹyẹ purọ́, ẹ̀yin ò purọ́." Màámi ṣì ń ko iná. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí tí kò fi sọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá mọ̀ pé obìnrin Aradagun ló dá a, wọn ò ní gé àwọ̀n fún èéfín kankan mọ́. Àwọn obìnrin méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjọ sọ ọ́. Bàámi ò mọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ó ti fi òkun sílẹ̀, ó ń ṣọ́ géètì ní Ìjànìkín, ó ṣì ń sọ ìtàn ìyá ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá.

Nígbà tí omi rọlẹ̀, Bàámi yá àwọ̀n, ó ní àwọn máa lọ. Mo gbé omi ìbọ́jú fún Ìyá àgbà, mo gbé èjìká mi sílẹ̀ kó dì í mú. Kò dì í mú.

"Máa lọ sókè," ó ní.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Kí ni kí n wò?"

Ó fi ọ̀pá gún iyanrìn. "Wo ẹyẹ," ó sọ.

"Ṣé wọ́n á sọ òótọ́?"

"Hùnsù, sáà máa wò wọ́n."

Ó padà wọlé. Kò gun òkè yẹn mọ́ títí ó fi kú, gbogbo èèyàn sì rò pé òun ló ń rán mi láti inú yàrá. Ọkọ̀ ilé wa kì í wọ omi láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ṣáájú gbé àjẹ̀ sókè bi òkè léèrè. Tí ẹni tó wà lórí òkè bá jókòó, wọ́n á padà sílé. Tó bá dìde, tó na aṣọ, wọ́n á lọ. Mo dé orí òkè. Èérú òkìtì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó tutù. Àwọn onífìlà pọ̀ lójú ọ̀run, àwọn kan ń lọ sápá Èkó, àwọn kan ń lọ sápá Sẹ̀mẹ̀, ọkọ̀ yovo méjì ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo wò wọ́n títí ojú ń ta mí. Ẹyẹ lásán ni mo rí. Nísàlẹ̀, Bàámi gbé àjẹ̀ sókè, Mautin dúró tì í, gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń wo olùṣọ́ àgùntàn. Tí mo bá jókòó, wọ́n á bi mí pé kí ni Ìyá àgbà rí. Mo dìde. Mo na aṣọ funfun. Wọ́n sì ti ọkọ̀ wọ omi, wọ́n ń kọrin, torí pé mo ní kí wọ́n lọ. Bí mo ṣe ń nà án nìyẹn láràárọ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, mi ò sì mọ ohunkóhun rí.

Obìnrin kan ti ń ju ẹrù sórí máṣìn mi. Mo ní láti máa lọ báyìí.